Ẹrù Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn àti Orin Gbádé Ìrọ̀lẹ́

Ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo gbé ní Minna, n kò ra ohunkóhun tí orí kan kò lè gbé. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí à ń wọ̀, aṣọ wa wà nínú ẹrù kan tí mo fi aṣọ ìbora dì. Abọ́ tánganran mẹ́fà wà nínú bàsíà kan. Maṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ jẹ́ ọlọ́wọ́, irú èyí tí ó ní ọmọrí onígi tí a lè dé mọ́ ọn kí a sì gbé e bí àpótí. Nígbà tí n kò bá ránṣọ, gbogbo rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ní àdúgbò Maitumbi, òṣùká sì máa ń wà lórí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a máa lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó mi.

Kò sí ẹni tó ní kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí, ní ibòmíràn, etí tó bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.

Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti lọ síbẹ̀ ta aṣọ. A ní bẹ́ẹ̀dì onírin mẹ́ta, a ní káńtà onígi tí ó gùn tó yàrá, a sì ní aago ńlá kan tí ó dúró nílẹ̀, tí ó ga jù mí lọ. Bàbá mi fẹ́ràn aago náà bí ọmọ. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò kúrò nílùú, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún wa. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, ọmọ ìlú náà, tí ó máa ń bá a jẹun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n gbé aago náà. Kò ní òun fẹ́ rà á, kò sì ní òun fẹ́ bá wa tọ́jú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi ló di ilẹ̀kùn mú fún wọn kí ó má baà há. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa ń jókòó, á sì bi wá pé, "Ó ti lù mélòó?" Kò pé ọdún méjì tí ó fi kú. Àwọn mìíràn nínú wa kò tilẹ̀ dé ilé. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Minna. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú náà di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni, wọ́n sì ń wá akọ̀wé. Òórùn ọ̀dà àti símẹ́ǹtì ló gba gbogbo ìlú. Ibi tí o bá rí àgbàdo lónìí, o lè rí òpó tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́la. A kò tíì lo oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ọkọ mi lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wọn ní Kontagora. Òpin oṣù ló ń wálé. Ó wá ku èmi àti Tinú, ọmọ wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà.

Àwọn Yorùbá pọ̀ nílùú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí mo ń lọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí reluwé gbé wá láyé àtijọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé, tí àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá. Wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu nítorí pé n kò ra àga. Èmi náà ń wo ilé wọn, àyà mi ń já fún wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Minna ni èjìká. Àwọn obìnrin Gbàgyí, onílẹ̀ ibẹ̀, kì í ru nǹkan lórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé: igi ìdáná, ìkòkò omi, igbá ẹ̀wà. Wọ́n á fi ọwọ́ kan dì í mú, ọrùn á tẹ̀ síbi kan díẹ̀, wọ́n á sì máa lọ láìyára. Ní ọjọ́ kejì tí mo kó dé, mo ru bàsíà omi, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sì ń bọ̀ níwájú mi, ìkòkò tirẹ̀ wà léjìká. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Sannu da aiki," ó kí mi kú iṣẹ́. Ó wá fi Hausa bi mí pé, "Kí ni orí rẹ ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ń bá ọ ronú, ó ń bá ọ jẹun, o wá ń di omi lé e bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọba ni orí. A kì í di ẹrù lé ọba."

Mo ní, "Èjìká ńkọ́? Ẹrú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lára. "Kai! Hausa wo lò ń sọ yìí? Ó dà bí ẹni tí ó ní iyọ̀ lẹ́nu."

Hausa Tàmálè ni mò ń sọ. Bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n ti mọ̀ pé mo ti gba ọ̀nà jíjìn wá. Obìnrin náà ni Maman Jummai. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, òun náà kì í sábà sí nílé, ọmọ rẹ̀ Jummai sì jẹ́ ẹgbẹ́ Tinú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Maman Tinu. Òun ni ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń kan ilẹ̀kùn mi láìjẹ́ pé ó fẹ́ ránṣọ.

Òun náà ló fi Gbádé Ìrọ̀lẹ́ hàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ọkùnrin náà ń kọ.

Ọkọ rẹ̀ ti ra gírámafóònù kékeré oníbátìrì kan bọ̀ láti ìrìn àjò, pẹ̀lú àwo orin kan ṣoṣo. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́, mò ń rán ṣòkòtò ilé ìwé. Ohùn kan gba ara ògiri wọlé. Kì í ṣe ohùn tí ń pariwo. Ó dà bí ẹni tí ó fara ti férémù ilẹ̀kùn tí ó ń bá ènìyàn tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. Gìtá kan ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

*Ìyá mi fi àtùpà sílẹ̀ fún mi,*
*kò pa á, kò pa á,*
*ó ní ọmọ tó pẹ́ lọ́nà*
*kò gbọdọ̀ wá bá òkùnkùn.*

Ọwọ́ mi dúró lórí maṣíìnì. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti padà sí Kontagora, Yorùbá àgbàlagbà tí mo gbọ́ kò ju ti ìkíni lẹ́yìn ìsìn lọ. Ká tilẹ̀ ní mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ta ló ń sọ ọ́ báyìí? N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìgbà tí ara mi balẹ̀, mo ti wà ní yàrá Maman Jummai, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi, mo sì ń wo ohun dúdú náà bí ó ti ń yí.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín?" ó béèrè.

"Àwa la ni ín."

"Alhamdulillahi! Jókòó. Me yake cewa? Kí ló ń wí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ti àtùpà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, "Ìyá mi náà nìyẹn," ó sì gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsárì, tí oòrùn bá ti ń rọ̀, á pè mí, n ó gbé maṣíìnì mi lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ó sì jọ gbọ́ ọ. N kò tíì ní olórin kan rí láyé mi. Ní Tàmálè, a gbọ́ orin gbogbo ènìyàn. Èyí jẹ́ tèmi. Mo mọ ibi tí ó ti ń mí. Mo mọ ibi tí onígìtá ti ṣàṣìṣe tí wọn kò sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn páálí àwo náà, wọ́n kọ ọ́ pé olùkọ́ ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀, àti pé ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń kọrin, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní iwájú páálí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí kọ́là rẹ̀ ní etí róbótó bí ewé. Mo wo kọ́là yẹn títí, mo gé irú rẹ̀ sára bébà, mo sì rán an fún akọ̀wé ọ̀dọ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Nígbà tó yá, wọ́n ń ti Bosso wá bi ará Maitumbi pé, "Níbo ni obìnrin tó ń rán kọ́là Gbádé wà?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan wá mi nílùú tí àyà mi kò já.

Ṣùgbọ́n àwo orin ní ojú méjì.

Ní ojú kejì, orin kan wà níbẹ̀ tí ó yá díẹ̀, tí ó ń mú ènìyàn mi orí. Ọjọ́ tí Maman Jummai kọ́kọ́ gbé e sí i, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké.

*Ẹrù mi wà lẹ́nu ọ̀nà,*
*ẹ má bá mi tú u o.*
*Ibi tí mo sùn lánàá*
*kọ́ ni n ó sùn lọ́la.*
*Omi àlejò kì í tutù*
*nínú àmù onílé.*

"Èyí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ!" Maman Jummai ti ń pa àtẹ́wọ́. "Me yake cewa?"

Mo wo àmù rẹ̀ ní igun yàrá. Inú rẹ̀ ni ó ti bu omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún onílẹ̀ pé ohun tí àwọn ènìyàn mi ń kọ lórin nípa ilé rẹ̀ nìyí? Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré ń dà nígbà tí ìlú bá gbóná. Mo ní, "Àgbẹ̀ kan ni. Ó kó iṣu dé ẹnu ọ̀nà. Ẹrù náà pọ̀ débi pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí ìyàwó rẹ̀ tó rí i."

"Haba! Olórin yìí gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Waƙar doya." Orin iṣu.

Láti ọjọ́ náà, orin iṣu ni. Ó ń kọ ọ́ bó bá ń bẹ iṣu, Yorùbá náà ń yí lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n ó tẹ orí mọ́ aṣọ tí mò ń rán. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé irọ́ yẹn mì, ó sì ń dùn mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Àbúrò Maman Jummai obìnrin, Asabe, fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Tayi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Maman Jummai wọlé, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Mo ti rí orin tí a ó fi mú un wọlé ọkọ. Àwọn obìnrin ogún ló ti mọ̀ ọ́n."

"Orin wo?"

"Orin wo ló tún kù? Orin iṣu! Kí ẹrù má tán lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Tinú, tí ó ti di ọmọ ọdún méje, gbé orí sókè níbi tí ó ti ń to bọ́tìnnì. Ìgbà tí obìnrin náà jáde, ó ní, "Mama, wannan waƙar, orin yìí, kì í ṣe ti iṣu. Ẹni tó fẹ́ sá lọ ni."

"Pa ẹnu rẹ mọ́."

"Ṣé Anti Asabe máa sá lọ ni?"

Ta ló ń fi irú orin yẹn mú ìyàwó wọlé? Kí obìnrin dé ilé ọkọ, kí ogún ènìyàn máa kọ ọ́ sí i lórí pé kì í ṣe ibẹ̀ ni yóò sùn lọ́la. Bí ìgbéyàwó náà bá sì fọ́ lọ́jọ́ kan, Yorùbá kan á wà níbì kan tí yóò túmọ̀ orin náà fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dúró lórí ìlà títí wọ́n fi so wá pọ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé àlàáfíà lẹ wà? A gbọ́ nínú rédíò pé rúkèrúdò ṣẹlẹ̀ lókè Ọya."

"Ìlú mìíràn ni, ó jìnnà sí wa. Ibí yìí tòrò."

"Tàmálè náà tòrò." Ohùn rẹ̀ lọ, ó tún dé. "Ṣé ẹrù rẹ ṣì wà ní dídì?"

"Ó wà ní dídì."

"Ó dára. Yàrá ti wà nílẹ̀. Ẹ gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkọ rẹ á bá yín nílé."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Bí mo ti ń rìn bọ̀, ara mi fúyẹ́. Bí mo bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì, n kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọn yóò kọrin. Ìgbà tí òtítọ́ bá jáde, mo ti dé ilé.

Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa ni ọ̀rọ̀ aago bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ tí ó ń bá wa jẹun, tí ó wọlé, tí ó mú ohun tó mú, tí kò sì sọ nǹkan kan. Mo ti kórìíra ọkùnrin yẹn fún ọdún mẹ́wàá. Èmi wo ni mo wá fẹ́ dà yìí?

Ní Ọjọ́bọ̀, Maman Jummai wá gba bùláòsì ìyàwó. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Maman Jummai, orin yẹn kì í ṣe ti iṣu."

"Ti kí ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Hausa Tàmálè mi, títí dé ti omi àti àmù. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ká bùláòsì náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní.

"Ẹ̀rù bà mí ni."

"Ẹ̀rù ta ni?"

N kò lè sọ pé tirẹ̀ ni. Ó wò mí, ó sì rí i lójú mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Kò bú mi. Ìbá tilẹ̀ sàn kí ó bú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gírámafóònù kò dún. Ọjọ́ Ẹtì mọ́, kò dún. Mo yẹ kí n ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ aṣọ Asabe ṣì kù tí n kò tíì ká, n kò sì lè fi iṣẹ́ ìyàwó sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti múra. Ó gba aṣọ náà, ó wò ó, ó gbé e sí apá kan. Ó wá ti ilẹ̀kùn padà díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: ẹrù tí a dì, bàsíà abọ́, òṣùká.

"Mo rò pé aṣọ àwọn oníbàárà ni," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ ibí. Tìrẹ ni?"

"Tèmi ni."

"Ẹrù tí ọkùnrin yẹn ń kọ lórin nìyí."

"Òun ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹrù náà lé èjìká, kì í ṣe orí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó rìn kọjá lára mi lọ sí inú yàrá, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹní. Kókó ọdún mẹ́rin ni. Ó fi eyín fà á kí ó tó tú. Aṣọ wa dà sílẹ̀. Òórùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà lára àwọn kan.

"Shege!" ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kókó wo nìyí? Màlúù lo fẹ́ dè ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"To, nu ojú. Àwọn obìnrin ń dúró. O bà mí lórin jẹ́, fún mi ní òmíràn. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Láàárín aṣọ títú náà ni a ti ṣe é. Mo ń wí, ó ń tún un wí, Tinú àti Jummai ń fò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a dé Tayi, ogún obìnrin kọ ọ́ sí Asabe lórí, Yorùbá tí kò tọ́ níbì kankan, mo sì kọ ọ́ láàárín wọn, mo gbé ojú mi sókè:

*Ẹrù mi ti wọ yàrá,*
*ẹ wá bá mi tú u o.*
*Ibi tí mo bá sùn lónìí*
*ni n ó máa sùn lọ́la.*

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ orin Gbádé Ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà náà, mo sì ní àwo rẹ̀ méje. Bí rédíò bá gbé ojú kejì àwo àkọ́kọ́ yẹn jáde lónìí, ọ̀rọ̀ Maitumbi ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ó dà bí ẹni pé olórin gan-an ló ṣì í kọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró dè wá láti ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ le.

"Níbo lẹ wà? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti tú ẹrù wa."

"Wọ́n tú u? Ta ni?" Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀rù ti bà á, irú ẹ̀rù tí a jọ ní láti Tàmálè. "Ọlọ́pàá ni? Wọ́n kó o lọ?"

"Rárá, sà. Aládùúgbò mi ni. Ó tú u, ó sì bá mi fi aṣọ kọ́ ara ìṣó."

Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè, ní ohùn bàbá wa gan-an, pé, "Ṣé yàrá náà gba aago?"

Mo ní yóò gbà á.